Ìlú Tí Gbogbo Èèyàn Ti Gba Ipò Kìíní

Ẹ fara balẹ̀, kí n rọ́ àlá kan fún yín. Kì í ṣe èmi ni mo lá a. Ọládòkun káfíńtà, aládùúgbò mi, ló lá a, kò sì lá a lóru. Ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn mú ganrínganrín. Ó jẹ ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, ó sì na gbalaja sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní inú ẹ̀bà yẹn ni àlá náà ti wá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń rọ́ ọ fún wa, ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó lọ ra ìṣó lọ́jà, tó sì padà wálé.

Kí ẹ tó gbọ́ àlá, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ohun tó gbé sùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kan ṣáájú, àwọn ọmọ gba ìsinmi nílé ìwé. Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, sáré wálé tòun ti káàdì rẹ̀ lọ́wọ́. Ipò kẹtàlá ló gbà nínú ọmọ méjìlélógójì. Kò sẹ́ni tí kò sọ fún lójú ọ̀nà. Ó sọ fún ìyá alákàrà. Ó sọ fún àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi. Ó yà lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gba ipò kẹtàlá o!" Mo bu gúgúrú fún un, ó sì ń kọrin lọ. Ọmọ tí inú rẹ̀ dùn báyẹn, ẹ ò ní rántí bi í léèrè pé ta ló ṣe ìkejìlá.

Ṣùgbọ́n Ọládòkun kì í ṣe èmi. Nígbà tí òun náà wà nílé ìwé, ipò kejì ló ń gbà. Ọdún mẹ́fà gbáko, ipò kejì! Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oyèkúnlé ló ń gba ìkíní, ọdún kò sì sí tó fi ṣàánú rẹ̀ kó ṣàìsàn lásìkò ìdánwò. Oyèkúnlé náà ṣì wà nílùú wa yìí. Bó bá pàdé Ọládòkun, á ní, "Ìkejì mi, báwo ni?" Ọládòkun á rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ nìkan ni yóò rẹ́rìn-ín ọ̀hún. Ta ló wá gba ipò kìíní ní kíláàsì Ìbídùn? Ọmọbìnrin Oyèkúnlé ni. Ẹ̀ ń gbọ́ bí ọ̀ràn ṣe rí?

Bí Ìbídùn ṣe na káàdì sí i, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní, "Kẹtàlá? Èèyàn méjìlá kọ ẹ̀yìn sí ẹ, o wá ń kọrin wálé? Ọmọ Oyèkúnlé tó gba ìkíní, ṣé orí méjì ló ní ni? Gbé e lọ. Mi ò tọwọ́ bọ ìwé ẹni kẹtàlá."

Orin náà dá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ bá wí, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló ń fi dá a lóhùn. Kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó rò pé ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé "bàbá mi" ló máa ń pe bàbá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni í jókòó sórí èérún pákó nínú ṣọ́ọ̀bù, á máa rojọ́ ilé ìwé títí Ọládòkun yóò fi fi òòlù lu ara rẹ̀ níka. Ní àárọ̀ Sátidé yìí, ó gbé omi fún un, ó kúnlẹ̀, ó sì jáde. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un, ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ọmọ yẹn ò jẹun tán láàárọ̀. Ohun tí ẹ fẹnu yín bàjẹ́, ẹ fẹnu yín tún un ṣe."

Ó ní, "Òbí kì í bẹ ọmọ."

Ìyàwó ní, "Ó dáa náà. Ẹ máa gbọ́ 'bẹ́ẹ̀ ni, sà' títí ẹ ó fi darúgbó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá a dórí bẹ́ǹṣì. Ó jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ba òun. Ó ní ẹ̀rù ọmọ tó lè má rojọ́ fún òun mọ́ láyé kò jọ ẹ̀rù ipò kankan. Ibẹ̀ ni oorun gbé e lọ.

Òòlù rẹ̀ ló kọ́kọ́ jí i. Òòlù náà so táì mọ́rùn, ó dúró ṣánṣán sórí pákó, ó ní, "Ọládòkun, dìde. Wọ́n ń pè ẹ́ ní Ọ́fíìsì Ipò."

Ọládòkun ní, "Ta ló ra táì fún ẹ?"

"Èmi ni mo gba ìkíní láàárín irinṣẹ́ rẹ," ni òòlù wí. "Ayùn ṣe ìkejì. Má bá a sọ̀rọ̀, inú ń bí i."

Ọládòkun wo kọ̀rọ̀, lóòótọ́, ayùn ti kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ ayùn yé e gan-an. Ó wá bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ lé òòlù.

Ọ́fíìsì náà kò sí nílẹ̀. Òkè ló wà, ó léfòó lókè pápá ilé ìwé, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ òpó góòlù bí ìgbà tí èèyàn so àgbò ọdún. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ọ́fíìsì á gbọ̀n, àwọn akọ̀wé á máa pariwo pé kí ẹnì kan bá wọn di fáìlì mú. Ohun tí Ọládòkun rí ni pé ìṣó òrùlé wọn kò tó. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó kan ilé yìí, ojú ọ̀nà ló ti kọ́ṣẹ́.

Àkàbà kan fara ti ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n ìjà ń lọ lára rẹ̀. Igi ìsàlẹ̀ ń sọ pé òun ni ìkíní, nítorí pé orí òun ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi òkè ní irọ́ ni, òun ni ìkíní, ta ló tún ga ju òun lọ? Àwọn méjèèjì kọ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ìkíní. Ọládòkun nasẹ̀ kọjá igi ìsàlẹ̀, ó tẹ àwọn ti àárín tí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó sì fò kọjá ti òkè wọlé.

Ọ̀gá kan jókòó nínú ọ́fíìsì náà, ó wọ agbádá, tábìlì iwájú rẹ̀ gùn ju títì ilé ìwé lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kọ nǹkan sára nǹkan lọ. Ó kọ ọ́ sára fáànù pé, "Ó lè yí jù báyìí lọ." Ó kọ ọ́ sára ife omi pé, "Ó lè tutù jù báyìí lọ." Ó yọjú lójú fèrèsé, ó kọ ọ́ sára oòrùn pé, "Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ń ṣeré púpọ̀." Nígbà tí Ọládòkun dọ̀bálẹ̀ kí i, ó nawọ́, ó kọ ọ́ sára fìlà rẹ̀ pé, "Ó lè gẹ̀ jù báyìí lọ."

"Kí lo bá wá?"

Ọládòkun ní, "Ọmọ mi ni, sà. Ipò kẹtàlá ni wọ́n fún un. Mo ní kí ẹ bá mi sún un síwájú díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Bí ipò méjìlá, sà."

Ọ̀gá náà ṣí fáìlì. Ó fa ìwé kan ya, ó fi sẹ́nu, ó sì ń jẹ ẹ́. Bó ti ń jẹ ẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn. Ìwo méjì yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀, wọ́n sì gbé fìlà náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ó wo Ọládòkun tìyanu-tìyanu, ó ní, "Mẹ́ẹ̀."

Ọládòkun kò sá. Ó rò ó pé bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń rí nìyẹn bí oúnjẹ ọ̀sán bá ti pẹ́. Ó tọwọ́ bàpò, ó bá èèpo ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé kì í ṣe rìbá o, èèpo ẹ̀gẹ́ lásán ni. Ewúrẹ́ náà jẹ ẹ́ tán, ohùn rẹ̀ sì padà ní ìlàjì.

Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ rẹ wọlé. Ṣùgbọ́n òfin ò gbà kí á gbé ẹnì kan ṣoṣo síwájú, mẹ́ẹ̀. Tí a bá máa gbé ọmọ tìrẹ, gbogbo ìlú la máa gbé."

Ọládòkun ní, "Gbogbo ìlú pọ̀ díẹ̀, sà."

"Ṣé o fẹ́ ẹ àbí o ò fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, sà."

Ewúrẹ́ bá fi pátákò rẹ̀ kan yíǹkì, ó gbé e lé Ọládòkun níwájú orí. Òǹtẹ̀ "kìíní" hàn níbẹ̀ gàdàgbà. Lójú ẹsẹ̀, ọrùn Ọládòkun le gbagidi, kò lè wo ẹ̀yìn mọ́. Èyí náà kò yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì ṣílẹ̀kùn jáde.

Kò bá àkàbà mọ́. Títì ìlú wa ló tẹ̀, gbogbo èèyàn sì ti gba ipò kìíní. Òǹtẹ̀ wà níwájú orí oníkálukú, àtàgbà àtọmọdé. Wọ́n ń rìn lọ ní ìlà kan gbọọrọ, èjìká kan èjìká, ìlà náà fẹ̀ débi pé ó gba inú ilé àwọn kan kọjá. Kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kò sì sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni kú oríire, nítorí ta ni yóò kí ta?

Ó kọjá nídìí ẹ̀rọ omi. Gbogbo garawa ló wà níwájú, kò sí èyí tó gbà kí omi kọ́kọ́ wọ inú òmíràn, omi sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ó dé ibi tí àwọn àga tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ní ló ń bá ara wọn du ìkíní. Èyí á gùn, ìyẹn á gùn jù ú lọ, títí àga fi ga ju igi àgbọn. Bàbá kan jókòó sórí ọ̀kan lókè lọ́hùn-ún, ó ń mì bí ewé.

Ọládòkun gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé ó rọgbọ níbẹ̀?"

Bàbá ní, "Ó rọgbọ o. Àfi pé mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láti àná."

Níwájú díẹ̀, ó pàdé ọmọ Oyèkúnlé. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Orí méjì ló ní lóòótọ́. Orí ọ̀tún ń sọ fún ti òsì pé òun lòun gba ìkíní, ti òsì ń sọ pé òun ni òun kọ ìdánwò, ti ọ̀tún kàn sùn ni. Omijé ń bọ́ lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọládòkun dúró, ó sì rí i pé ọmọ kékeré ni, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ kí i, ṣùgbọ́n kò mọ orí tí yóò kọ́kọ́ kí. Ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀ ni pé yẹtí mẹ́rin ni Oyèkúnlé yóò máa rà báyìí, àánú ọ̀tá rẹ̀ sì ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọgbọ̀n ọdún.

Ìyá àgbà kan ń ṣàdúrà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àdúrà gidi ni, àdúrà ìyá àgbà. "O ó dàgbà, o ó dògbó. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà." Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Àmín dà, nígbà tó jẹ́ pé ẹni kejì ní í ṣe àmín? Bí àdúrà náà ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ń já bọ́ sílẹ̀ gbà, gbà, gbà, adìẹ sì ń ṣà á jẹ. Wọ́n fi adìẹ kan han Ọládòkun tó ti jẹ mẹ́ta nínú àdúrà ìkọ́lé. Ó ti ra ilẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ó bi Ọládòkun pé èló ló ń gbà fún iṣẹ́ fèrèsé. Wọ́n ná an díẹ̀.

Ọkùnrin kan ń dá orin. Orin náà dùn, ó lé e, ó dúró kí wọ́n gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó tún lé e. Ó sọ fún Ọládòkun pé láti àárọ̀ lòun ti wà lórí ẹsẹ àkọ́kọ́, òun ò mọ bí òun ṣe máa débi tí orin náà ti dára.

Ọládòkun ń ronú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ nígbà tó fẹsẹ̀ kọ. Kùkùté ni. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a, gbàù, ìrora náà sì gun orí.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa. Bí èèyàn bá kọsẹ̀, ilẹ̀ kò tíì gbọ́ tán tí ẹnì kan yóò fi ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Bó jẹ́ àjèjì, wọ́n á kí i. Bó jẹ́ pé o ò rí ẹni tó kí ọ, o ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé. Ọládòkun dúró ti ẹsẹ̀ kan, ó di àtàǹpàkò mú, ó ń retí pẹ̀lẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìlà ń lọ.

Ó ké sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí i pé mo kọsẹ̀ ni?"

Ẹni náà ní, "Ọrùn mi ò yí. Iwájú ni mo wà."

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìlú tí kò ní ará yòókù ńkọ́? Oníkálukú ń jìn sí kòtò tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ́gbọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí àtàǹpàkò fi yanu. Ó ní, "Èmi ò lọ mọ́."

Ọládòkun ní, "Nítorí kí ni?"

"Wo ẹsẹ̀ rẹ dáadáa," ni àtàǹpàkò wí. "Ìka márùn-ún ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo gba ìkíní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ. Kí ni mo rí gbà níbẹ̀? Kùkùté, èmi. Òkúta, èmi. Ẹsẹ̀ tábìlì, èmi. Wo ìka kékeré yẹn lẹ́yìn, bó ṣe ń sùn. Bí wọn ò bá kí mi ní pẹ̀lẹ́, ibí yìí ni mo jókòó sí."

Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Ọládòkun jókòó ti àtàǹpàkò rẹ̀. Nígbà náà ló wá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn, ohùn ọmọdé. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Pẹ̀lẹ́, ọmọ olórí méjì, má sunkún mọ́." Gbogbo ẹni tó bá kọsẹ̀ ni ohùn náà ń kí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnì kankan. Kò sí ohùn tó mọ̀ láyé tó ohùn yẹn. Ìbídùn ni. Òun nìkan ló kọ òǹtẹ̀ sílẹ̀ nílùú náà, òun nìkan ló sì wà lẹ́yìn.

Ọrùn rẹ̀ kò yí, nítorí náà, ó fẹ̀yìn rìn. Ó ń fẹ̀yìn rìn lọ bí alákàn, ó ń tiro, ó ń gbá garawa, ó ń gbá adìẹ onílé, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan tábìlì ilé ìwé kan.

Ó ní, "Ìbídùn, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo kọsẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gbogbo ìlú lo kí. O ò kí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kì í ṣe pé ọmọ náà bínú. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn akọ̀wé tó ń sọ fún èèyàn pé kó padà wá lọ́la.

Àtàǹpàkò ní, "Lánàá, nígbà tí òun ló kọsẹ̀, kí lo wí fún un?"

Ọládòkun ní, "Òbí kì í bẹ ọmọ."

"Ó dáa," ni àtàǹpàkò wí. "Ẹ jẹ́ ká jókòó síbí nígbà náà. Mi ò kánjú."

Wọ́n jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìlà àwọn ìkíní ti lọ jìnnà, ariwo wọn kò dún débẹ̀ mọ́. Ọládòkun wá sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bẹ ọmọ kò kú, ẹni tó ń gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó yanu kó sọ pẹ̀lẹ́. Ohun tó jáde ni, "Mẹ́ẹ̀."

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. "Mẹ́ẹ̀ẹ̀." Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, irùngbọ̀n ti ń yọ. Ó ní nínú gbogbo àlá náà, ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù ti ba òun. Kì í ṣe pé ó kọ ìwo. Ó ní bí òun bá máa di ewúrẹ́, ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kan yìí ná. Ó fi gbogbo agbára fa ọrùn láti wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọrùn ń dún wín-ín, wín-ín, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Ó yí díẹ̀. Ó tún yí. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ré bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Oòrùn ti yẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó kún ìdajì ojú rẹ̀. Ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò tíì mọ ibi tó wà, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì fi àtàǹpàkò gbá pákó ìrókò tó wà nílẹ̀. Gbàù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá mi!"

Ìbídùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa èérún pákó sínú agbọ̀n, tí ìyá rẹ̀ máa fi dáná. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó rántí pé òun ò bá bàbá òun ṣeré mọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó fẹ́ gbé agbọ̀n lọ.

Ọládòkun ní, "Dúró." Ó fi ahọ́n rẹ̀ dán ẹnu rẹ̀ wò ná, bóyá ẹnu èèyàn ni. Ó ní, "Ìbídùn. Pẹ̀lẹ́. Ohun tí mo sọ fún ẹ lánàá, mi ò sọ ọ́ dáadáa. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ rí, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi dáhùn.

Ọládòkun jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lu àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ náà wá jókòó. Ó ní, "Mo fẹ́ béèrè nǹkan, mi ò bínú o. Kẹtàlá yìí, kí ló dùn mọ́ ẹ nínú rẹ̀?"

Ìbídùn ronú. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń sùn sáàárín lórí ẹní? Ẹ̀gbọ́n mi wà lápá kan, àbúrò mi wà lápá kejì. Àárín gbóná. Bó ṣe rí nìyẹn. Tí mi ò bá mọ ìṣirò, èyí tó wà níwájú mi á fi hàn mí. Tí èyí tó wà lẹ́yìn mi ò bá mọ̀ ọ́n, èmi náà á fi hàn án. Kò tutù níbẹ̀ rárá."

Ọládòkun fa pẹ́ńsù káfíńtà yọ létí, ó ní kó lọ mú káàdì wá, ó sì fi pẹ́ńsù gìrìwò náà tọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ náà gba gbogbo ìsàlẹ̀ ìwé. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹ̀bá ògiri ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní òun sí, òun nìkan, àti pé òtútù ògiri yẹn ṣì wà léjìká òun dòní.

Ìbídùn wo èjìká bàbá rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n kúrò láàárín wọn, ó ní, "Ẹ sún mọ́ mi, bàbá mi."